Afárá Ìyíjú àti Ẹ́ńjìnnì Eléèédú: Kí Ni Ìpamọ́ Ojú Irin Ń Pa Mọ́?

Ìfáárà

Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i dé ibẹ̀ fún ìrìnnà ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, ọdún 1901. Láti Ìbàdàn ó tẹ̀ síwájú lọ sí Òṣogbo, Ìlọrin àti Jẹ́bà létí Odò Ọya. Nígbà tí ó di ọdún 1912, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ojú irin tí ó ti Baro lọ sí Kano, méjèèjì sì di ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Àwọn òpìtàn kò dákẹ́ lórí ojú irin yìí. Wọ́n ti kọ̀wé nípa kòkó àti ekuro tí ó kó lọ sí etíkun, nípa ìlú tí ó gbé dìde àti èyí tí ó fi sẹ́yìn, àti nípa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti ọdún 1945. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni ìbéèrè nípa ohun èlò iṣẹ́ náà gan-an: ẹ́ńjìnnì tí iná èédú ń mú omi rẹ̀ hó, ilé tí ó ń sùn sí, àgbá omi tí ó ti ń mu, àti afárá kékeré tí wọ́n fi ń yí ojú rẹ̀ padà nígbà tí ó bá dé òpin ìrìn àjò.

Ìbéèrè náà ti di kánjúkánjú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, láti Ẹ̀búté Mẹ́ta lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Ìbú ojú irin tuntun náà jẹ́ mílímítà 1,435; ti àtijọ́ jẹ́ 1,067. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́ fún ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá hú irin àtijọ́, tí wọ́n sì dí àwọn kòtò ìyíjú, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yòówù tí ó bá ṣẹ́kù kò ní ní ọ̀nà tí yóò tọ̀ mọ́ láéláé.

Àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún èrò kan ṣoṣo: pé iṣẹ́ ni ìpamọ́ ojú irin gbọ́dọ̀ pa mọ́, kì í ṣe irin nìkan. Láti fi èrò yìí múlẹ̀, ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí afárá ìyíjú ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó yẹ ibi mẹ́ta wò, méjì ní Bìrìtìkó àti ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè ìpamọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta tí kò jọra. Ní ìparí, ó padà sí ojú irin Èkó láti wo èwo nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ṣì ṣí sílẹ̀.

Ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń yíjú

Iwájú àti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì eléèédú kò rí bákan náà. Bọ́ílà gígùn ni ó wà níwájú. Yàrá awakọ̀ wà lẹ́yìn bọ́ílà. Ọkọ̀ tí ó ru èédú àti omi sì wà lẹ́yìn yàrá náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fi ẹ̀yìn rìn, òkìtì èédú ni yóò dí ojú awakọ̀, atẹ́gùn yóò sì máa fẹ́ eruku èédú sí i lójú. Ó lè fi ẹ̀yìn rìn fún ìgbà díẹ̀ nínú ọgbà iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò bójú mu fún ìrìn àjò jíjìn. Nítorí náà, níbi tí ìrìn àjò bá ti pin, ó di dandan kí wọ́n yí ojú rẹ̀ padà sí ibi tí ó ti wá.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe èyí ni àpilẹ̀kọ yìí ń pè ní afárá ìyíjú. Wọ́n á gbẹ́ kòtò róbótó kan, tí kò jìn púpọ̀, wọ́n á sì fi òkúta tàbí kọnkéré mọ etí rẹ̀. Afárá irin kan tí ojú irin wà lórí rẹ̀ ni wọ́n á gbé dábùú kòtò náà. Àárín gbùngbùn afárá yìí jókòó lé orí òpó kan. Àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké sì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n ń yí lórí irin róbótó tí a tò sí ìsàlẹ̀ kòtò. Ẹ́ńjìnnì á gun afárá, afárá á yí, ẹ́ńjìnnì á sì bọ́ sí ojú irin mìíràn tàbí kí ó padà sí ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ojú tuntun. Nínú ilé ẹ́ńjìnnì onírìísí òbìrìkìtì, afárá yìí ni ojúde gbogbo ilé: yàrá ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan kọjú sí i, kò sì sí èyí tí ó lè wọlé tàbí jáde láìgba orí rẹ̀.

Kò sí ọgbọ́n ìkọ̀kọ̀ nínú kíkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n pọ̀ nínú lílò rẹ̀. Bí awakọ̀ bá dá ẹ́ńjìnnì dúró síbi tí ìwúwo rẹ̀ pín dọ́gba sí apá òsì àti ọ̀tún òpó àárín, àwọn ọkùnrin díẹ̀ lè fi èjìká ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù irin kí ó sì yí. Bí ó bá kọjá díẹ̀, tàbí tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, afárá á tẹ̀ sí apá kan, á sì le bí àpáta. Omi tí ó kù nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn àti èédú tí wọ́n ti jó máa ń yí ibi ìdúró yìí padà lójoojúmọ́. Kò sí àmì tí wọ́n lè kùn sílẹ̀ tí yóò tọ̀nà nígbà gbogbo. Ọwọ́ awakọ̀ àti ojú àwọn tí ń tì í ni ìmọ̀ náà wà.

Afárá ìyíjú kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Níbi tí ilẹ̀ bá gbòòrò, wọ́n lè tẹ́ ojú irin onígun mẹ́ta, tí ẹ́ńjìnnì yóò fi gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ tí yóò sì gba òmíràn bọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì Garratt, tí ilé iṣẹ́ Beyer Peacock ní Manchester kọ́ fún Nàìjíríà àti ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn, lè rìn síwájú àti sẹ́yìn pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dísù ni ó sọ afárá ìyíjú di aláìníṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bìkítà nípa ibi tí wọ́n kọjú sí. Ìdí nìyí tí afárá ìyíjú fi sábà máa ń kú ṣáájú ẹ́ńjìnnì tí ó sìn. Kò lẹ́wà bí ẹ́ńjìnnì, kì í mi èémí, kì í fọn fèrè. Wọ́n á ta irin rẹ̀, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ sí kòtò rẹ̀, koríko á sì hù bò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìpamọ́ kan ń pa iṣẹ́ mọ́ tàbí irin lásán, kí ó wo ohun tí wọ́n ṣe sí afárá ìyíjú.

Camden: ilé tí iṣẹ́ ti kúrò nínú rẹ̀

Ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ní Camden, ilé róbótó kan wà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Roundhouse. Ọdún 1847 ni iléeṣẹ́ ojú irin London and North Western kọ́ ọ láti máa fi gbé ẹ́ńjìnnì. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 48, afárá ìyíjú sì wà ní àárín rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ẹ́ńjìnnì fi gùn ju afárá náà lọ, tí ilé fi di aláìwúlò fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ ọlọ́tí Gilbey gbà á, wọ́n sì fi ṣe ibi ìkó-ọtí-sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn ọdún 1960, òǹkọ̀wé eré onítàn Arnold Wesker àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Centre 42, sọ ọ́ di ilé eré. Lẹ́yìn àtúnṣe ńlá, wọ́n tún un ṣí ní ọdún 2006, orin àti eré sì ń lọ níbẹ̀ títí di òní.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Camden kùnà. Ilé náà dúró, òpó irin rẹ̀ dúró, àwọn ọ̀dọ́ sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí wọn kò bá rí iṣẹ́ tuntun fún un ni, wọn ì bá ti wó o. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ni ni pé ilé lè yè kí iṣẹ́ sì kú. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ lónìí lè kíyè sí i pé ilé náà rí róbótó; kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé róbótó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, pé iṣẹ́ ni ó fún un ní ìrísí yẹn. Èyí ni ọ̀nà ìpamọ́ àkọ́kọ́: kí á pa ògiri mọ́ kí á sì wá ayálégbé mìíràn.

Barry: ẹ́ńjìnnì tí kò ní ilé

Ọ̀nà kejì yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ní ọdún 1955, ìjọba Bìrìtìkó gbé ètò kan jáde láti fi dísù àti iná mànàmáná rọ́pò ẹ́ńjìnnì eléèédú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sọ di àlòkù irin láàárín ọdún díẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún 1968, èéfín èédú ti pin lórí ojú irin àgbà ní ìlú náà. Àwọn oníṣòwò àlòkù irin ra ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ní iye tí ìwúwo wọn jẹ́, wọ́n sì gé wọn wẹ́wẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò náà ni Woodham Brothers ní ìlú Barry, ní gúúsù Wales, tí Dai Woodham jẹ́ olórí rẹ̀. Wọ́n ra ẹ́ńjìnnì 297. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ra ọkọ̀ akẹ́rù ojú irin lọ́pọ̀ yanturu, èyí tí ó rọrùn láti gé tí owó rẹ̀ sì ń yá. Wọ́n wá kọjú mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ní kí ẹ́ńjìnnì dúró ná. Ìdúró náà gùn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968, nígbà tí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn olùpamọ́, títí di oṣù Kìíní ọdún 1990, àwọn ẹgbẹ́ olùfẹ́ ojú irin ń kó owó jọ, wọ́n ń rà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì 213 ni wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ètò ìjọba, kì í sì ṣe ìfẹ́ ìtàn ni ó kọ́kọ́ pa wọ́n mọ́. Ọ̀ràn ọjà ni: ohun mìíràn wà tí ó yá láti gé.

Àwọn tí ó rà wọ́n rí i pé irin nìkan ni wọ́n rà. Iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ bọ́ílà. Bàbà àti idẹ ti bọ́ sọ́wọ́ olè tàbí sọ́jà. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kò ní ọkọ̀ èédú mọ́. Ilé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti máa ń tún wọn ṣe ti wó. Ojú irin kúkúrú tí àwọn olùyọ̀ǹda ń tọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní afárá ìyíjú, ẹ́ńjìnnì sì ń fi ẹ̀yìn rìn padà láti òpin ọ̀nà. Àwọn olùyọ̀ǹda ní láti tún iṣẹ́ kọ́ láti ọwọ́ àwọn àgbà tí ó ṣì wà láàyè: bí wọ́n ṣe ń dá iná, bí wọ́n ṣe ń kan irin bọ́ílà pọ̀, bí wọ́n ṣe ń fetí sí ẹ́ńjìnnì kí wọ́n mọ ibi tí ó ń dùn ún.

Bí ìmọ̀ yìí ṣe ṣọ̀wọ́n tó hàn gbangba nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ́ńjìnnì tuntun. Irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní A1, 49 ni wọ́n kọ́ ní ọdún 1948 àti 1949. Kò sì sí ọ̀kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ agérin. Ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àádọ́ta rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ìlú Darlington ní ọdún 2008. Wọ́n sọ ọ́ ní Tornado. Bọ́ílà rẹ̀ kò ti Bìrìtìkó wá. Ilé iṣẹ́ ní Meiningen ní Jámánì ni ó ṣe é. Orílẹ̀-èdè tí ó kọ́ ẹ́ńjìnnì fún ìdajì ayé ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ́ńjìnnì pa mọ́, síbẹ̀ ó ní láti wá bọ́ílà ńlá kan ṣoṣo lọ sí òkè òkun, níbi tí iṣẹ́ náà kò tíì dáwọ́ dúró. Irin kò wọ́n wọn. Ọwọ́ ni ó wọ́n wọn.

Rockhill: ilé, ẹ́ńjìnnì àti iṣẹ́ lójú kan

Oníṣòwò àlòkù irin mìíràn ni ó dá ọ̀nà kẹta sílẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ojú irin East Broad Top bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1870. Èédú ni ó ń kó láti orí òkè Broad Top lọ sí ìlú Mount Union, ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Rockhill Furnace. Ojú irin tóóró ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ni ìbú rẹ̀. Ti Èkó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Láàárín ọdún 1911 sí 1920, ilé iṣẹ́ Baldwin ní Philadelphia kọ́ ẹ́ńjìnnì mẹ́fà fún un, gbogbo wọn ní kẹ̀kẹ́ méjì níwájú, mẹ́jọ láàárín tí ń fà á, àti méjì lẹ́yìn.

Nígbà tí ọjà èédú ṣubú, wọ́n ti ojú irin náà pa ní oṣù Kẹrin ọdún 1956. Nick Kovalchick, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ó sì hú u tà, ni ó rà á. Kò hú u. Ẹ́ńjìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró nínú ilé ẹ́ńjìnnì oníyàrá mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sùn látijọ́. Afárá ìyíjú dúró níwájú ilé náà. Ilé alágbẹ̀dẹ, ilé ìdárin àti àwọn ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí láti àjà dúró níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ fi wọ́n sí. Ní ọdún 1960, nígbà tí àwọn ará ìlú ń ṣe àjọ̀dún igba ọdún ìlú wọn, Kovalchick tún apá kan ojú irin náà ṣí fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ní ọdún 1964 ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á kún àwọn ibi pàtàkì nínú ìtàn orílẹ̀-èdè. Ìdílé Kovalchick dì í mú fún ọdún tí ó lé ní ọgọ́ta. Iná kú lẹ́yìn ọdún 2011, ọkọ̀ kò sì rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2020 ni àjọ kan tí kì í ṣe fún èrè ra á, nígbà tí ó sì di ọdún 2023, ẹ́ńjìnnì Nọ́ńbà 16, tí kò rí iná láti ọdún 1956, tún mú omi hó.

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni ẹ́ńjìnnì yẹn fi dúró. Ohun tí ó mú kí ó lè padà wá ni pé gbogbo ohun tí ó yí i ká náà dúró dè é. Òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tún apá kan ṣe lè bá irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe é lórí tábìlì tí ó wà láti ìgbà náà. Bí kò bá sí afárá ìyíjú, ẹ́ńjìnnì náà kò ní rí ọ̀nà jáde nínú yàrá rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kò ní ṣòro láti lóye èyí, nítorí pé ó mọ àgbẹ̀dẹ. Bí a bá gbé ẹwìrì, ẹmú àti owú kúrò ní àgbẹ̀dẹ, tí a fi wọ́n kọ́ sára ògiri nínú yàrá mímọ́ tónítóní, ẹni tí ó ń wò wọ́n yóò rí awọ, igi àti irin. Kò ní rí bí ẹni tí ń fín iná ṣe ń wo ojú ẹni tí ń lu irin. Kò ní mọ ìdí tí owú fi wà ní apá ibi tí ó wà. Àgbẹ̀dẹ kì í ṣe àpapọ̀ irinṣẹ́. Ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà sí èkejì ni àgbẹ̀dẹ. Rockhill pa àgbẹ̀dẹ mọ́. Barry pa irinṣẹ́ mọ́. Camden pa òrùlé mọ́.

Láti Rockhill sí Ẹ̀búté Mẹ́ta

Nínú ọgbà iléeṣẹ́ ojú irin ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ilé alájà kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898. Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi ń pè é, ọ̀gá iṣẹ́ ojú irin kan tẹ́lẹ̀, tí ó kọ ìtàn ojú irin Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, tí ó sì jáde ní ọdún 1997. Ẹgbẹ́ Legacy 1995, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin ayàwòrán-ilé wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀, bá iléeṣẹ́ ojú irin ṣe àdéhùn, wọ́n tún ilé náà ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwòrán, ìwé àti ohun èlò ojú irin wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Bí ènìyàn bá fi ọ̀nà mẹ́ta tí a ti yẹ̀ wò wọ̀n ọ́n, a óò rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó kékeré lè dé: ilé àti ohun tí ó wọ inú ilé. Èyí tí ó kù ni ohun tí ó wà níta.

Ohun tí ó wà níta kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Láàárín ọdún 1948 sí 1954, Vulcan Foundry àti North British, ilé iṣẹ́ méjì ní Bìrìtìkó, kọ́ irú ẹ́ńjìnnì kan fún Nàìjíríà tí wọ́n fi orúkọ odò pè, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tò bíi ti Rockhill: méjì, mẹ́jọ, méjì. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ojú irin Ìlà Oòrùn Áfíríkà fi gba àwòṣe rẹ̀, tí wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ irú ẹ́ńjìnnì tiwọn tí wọ́n ń pè ní 29. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ojú irin ní Nairobi, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1971, lè rí ọ̀kan nínú ẹ̀yà 29 níbẹ̀. Ọmọ ìyá ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà ni àwọn ará Kẹ́ńyà ń fi han àlejò.

Àtakò méjì ni ó yẹ kí èrò yìí dáhùn. Èkíní ni pé ohun èlò amúnisìn ni ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, pé láti kó ọrọ̀ ilẹ̀ lọ ni wọ́n fi wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó da èédú síná, tí ó kan bọ́ílà, tí ó fi èjìká ti afárá, ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Ìwé Lisa Lindsay, tí ó jáde ní ọdún 2003, fi hàn bí owó oṣù ojú irin ṣe yí ìgbé ayé ìdílé padà ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, láti orí ẹni tí ń gbọ́ bùkátà dé orí ohun tí ó túmọ̀ sí láti jẹ́ baálé. Ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ta afárá ìyíjú fún oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù kò pa ìtàn amúnisìn rẹ́. Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá wa ni ó pa rẹ́. Ìtàn gómìnà ti wà nínú ìwé.

Àtakò kejì ni owó. Títún bọ́ílà kan ṣe gba owó gọbọi, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ní Bìrìtìkó, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí wọ́n tó gbà á láàyè láti tún máa dá iná. Nàìjíríà ní ilé ìwòsàn àti ilé ìwé láti kọ́. Èsì tí Rockhill fún àtakò yìí ni pé dídáná kì í ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí á má ta á, kí á má gé e, kí á sì má gbé e kúrò níbi tí ó wà. Kovalchick kò ní owó láti tún ẹ́ńjìnnì mẹ́fà ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn jẹ́ kí wọ́n dúró. Sùúrù rẹ̀ ni ó fún àwọn tí ó tẹ̀lé e ní ohun tí wọ́n lè ná owó lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kejì kò ju ẹsẹ̀, ìwé àti ẹ̀rọ ìyàwòrán lọ: kí ẹnìkan rìn láti téṣàn dé téṣàn lórí ojú irin àtijọ́, kí ó kọ gbogbo kòtò ìyíjú, ilé ẹ́ńjìnnì, àgbá omi àti ojú irin onígun mẹ́ta tí ó bá rí sílẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n wọn àti ipò tí wọ́n wà, ìbáà jẹ́ pé yẹ̀pẹ̀ ti dí wọn. Kòtò tí yẹ̀pẹ̀ dí ṣì ń sọ̀rọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ ń sọ bí ẹ́ńjìnnì tí ń wá síbẹ̀ ṣe gùn tó, ipò rẹ̀ sì ń sọ ibi tí ìrìn àjò òṣìṣẹ́ kan ti ń pin tí ti òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin tí ó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 1979 ti fún ìjọba lágbára láti kéde ibi kan ní ohun ìrántí. Kò sì sí ẹni tí ó lè kéde ohun tí a kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ó kan àwọn onímọ̀ èdè àti ìtàn Yorùbá jù lọ, òun náà ni kò sì lè dúró. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní ọdún òmìnira ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Lọ́dọ̀ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan wà: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti dúró dọ́gba lórí afárá, ohùn tí bọ́ílà ń mú jáde kí ó tó ṣe ewu, ohun tí wọ́n ń sọ fún Ògún kí wọ́n tó gbéra. Lọ́dọ̀ wọn náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà. Orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí fi pe afárá ìyíjú jẹ́ orúkọ tí a fi àpèjúwe dá. Àwọn tí ó tì í lójoojúmọ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, yálà ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì tí ahọ́n ti sọ di tiwa, ó sì yẹ kí ẹnìkan béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Meiningen lè ṣe bọ́ílà fún ẹni tí ó bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan ní òkè òkun tí yóò ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Yorùbá tí ó bá ti sọnù.

Àgbálọgbábọ̀

Ibi mẹ́ta tí àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò fi hàn pé a lè pa ojú irin mọ́ ní ìpele mẹ́ta: a lè pa ilé mọ́, a lè pa ẹ́ńjìnnì mọ́, a sì lè pa ìbáṣepọ̀ ilé, ẹ́ńjìnnì àti òṣìṣẹ́ mọ́. Ìpele kẹta ni ó níye lórí jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ náni lówó jù. Ohun tí ó ń béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kí á má ṣe kánjú. Ní Barry àti Rockhill, àwọn oníṣòwò àlòkù irin ni ó fún ìtàn ní àsìkò yìí, ọ̀kan nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dí, èkejì nítorí pé ó yàn bẹ́ẹ̀. Lórí ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, kò yẹ kí á fi irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún oríire ọjà. Kòtò ìyíjú ni kí á kọ́kọ́ kà, àgbà tí ó ti afárá rẹ̀ rí ni kí á kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ́ńjìnnì lè dúró de owó. Àgbà kò lè dúró dè é.